Àwọn òkè tí a lè gùn láti wo àfonífojì Odò Wémẹ̀, àti ohun tó yẹ kí a mọ̀ kí a tó lọ

Ilẹ̀ Ìfànyìn wa tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti Ìgólò dé Banigbé, láti Daagbé dé Lagbè, oko ọ̀pẹ, oko àgbàdo àti oko ẹ̀gẹ́ ni ojú ń rí. Kò sí òkè, kò sí àpáta. Bí ọmọ ilé-ìwé bá ka «colline» nínú ìwé Faransé rẹ̀, olùkọ́ ní láti fi ẹfun ya nǹkan ribiti sí ara pátákó, kí ó sì sọ pé: «Báyìí ló ṣe rí.» Ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé, á gba máàkì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó kọ.

Àwa tí à ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ lọ́la, a máa ń bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pàdé nígbà tí wọ́n bá dàgbà tán. Wọ́n mọ ilé gogoro Eiffel tó wà ní Paris, wọ́n ti rí i lórí tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé kí ni ènìyàn ń rí bó bá dúró lórí òkè Ìdáàṣà, ọ̀pọ̀ wọn á dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ Ìdáàṣà kò jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì ń sọ èdè tí àwa náà gbọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ ṣàlàyé díẹ̀ lónìí: ìdí tí ilẹ̀ tiwa kò fi ní òkè, ibi tí àwọn òkè wà, ohun tí ojú ń rí níbẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń gùn wọ́n láìfarapa, àti ohun tí a lè pàdánù bí a kò bá tọ́jú wọn.

Kí ló dé tí àwa kò fi ní àpáta?

Ẹ wo ẹni tó ń gbẹ́ kànga ní Ìfànyìn. Ilẹ̀ pupa ló máa kọ́kọ́ bá, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní «terre de barre». Bó bá ń lọ sísàlẹ̀, amọ̀ àti iyanrìn ló máa bá. Iyanrìn àti amọ̀ yìí, omi ló kó wọn wá, láti ayé àtijọ́, tó sì tò wọ́n léra ní gbogbo gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ilẹ̀ tó rọ̀ ni. Ó dára fún ọ̀pẹ, ó dára fún àgbàdo, ṣùgbọ́n kò lè gbé òkè ró.

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà àríwá, tó kọjá Bohicon, tó ń lọ sí Ìdáàṣà, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Òkúta á máa yọ orí nínú oko. Lẹ́yìn náà àpáta ńláńlá á dìde dúró lójijì, dúdú, dídán, láìsí igi lórí. Òkúta líle tí wọ́n ń pè ní granit ló pọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ju ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún lọ. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti wá, nígbà tó gbóná tó sì yọ́ bí irin alágbẹ̀dẹ, kó tó tutù, kó tó le.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òkè máa ń hù láti inú ilẹ̀ bí olú. Àwọn òkè tiwa yìí kò hù. Ilẹ̀ tó yí wọn ká ló lọ sílẹ̀. Gbogbo wa la ti rí igi tí òjò ti fọ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ títí gbòǹgbò fi yọ síta. Gbòǹgbò yẹn kò kúrò níbi tó wà. Ilẹ̀ ló fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn àpáta Ìdáàṣà àti Ṣábẹ. Òjò àti oòrùn jẹ ohun tó rọ̀ lára ilẹ̀, odò gbé e lọ, ohun tó le sì ṣẹ́kù sókè. Lára iyanrìn tí àwọn odò gbé lọ bẹ́ẹ̀ ló wá di ilẹ̀ gúúsù. Nítorí náà, bí àwa ará gúúsù bá ń kọ́ ilé lórí iyanrìn wa, ó ṣeé ṣe kí a máa kọ́ ọ lórí ohun tó ti jẹ́ òkè nígbà kan rí.

Odò tó so gbogbo wa pọ̀

Odò Wémẹ̀, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ouémé, ni odò tó gùn jù nínú ilẹ̀ wa. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 510. Àríwá ló ti ṣẹ̀ wá, ní agbègbè àwọn òkè Tanéka. Ó ń ṣàn bọ̀ wá sí gúúsù, ó kọjá lẹ́bàá Ṣábẹ, ó gba Zagnanado, Bonou àti Adjohoun, kó tó já sí ọ̀sà Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Ọ̀párá, tí ó jẹ́ ààlà àwa àti Nàìjíríà ní ibì kan, ń da omi sínú rẹ̀ láti ìlà oòrùn. Odò Zou ń da omi sínú rẹ̀ láti ìwọ̀ oòrùn.

Àwọn ará Yúróòpù ní irú àfonífojì báyìí, wọ́n sì mọ iyì rẹ̀. Ní Jámánì, odò Rhine gba àárín àwọn òkè láti Bingen dé Koblenz, nǹkan bíi kìlómítà 65. Wọ́n gbin àjàrà sí ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n ń fi ṣe ọtí. Wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀ sí orí òkè, wọ́n gbé àga sí ibi tí ojú ti ń rí odò dáadáa, wọ́n kọ orúkọ ibẹ̀ sí ara pátákó. Àlejò á gùn ún, á wo odò, á sọ̀kalẹ̀, á jẹun, á ra ọtí kan tàbí méjì lọ sílé. Láti ọdún 2002 ni UNESCO ti fi ibẹ̀ sínú àwọn ogún gbogbo ayé. Àfonífojì Loire ní ilẹ̀ Faransé ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2000, àfonífojì Douro ní Pọ́túgà láti ọdún 2001.

Ẹ má sọ pé èyí kò kàn wá. Ṣebí àwa náà ní ọtí tiwa? Ẹmu wa ń jáde lára ọ̀pẹ bí tiwọn ti ń jáde lára àjàrà. Ìtàn tí à ń gbọ́ nípa sódàbì tilẹ̀ so àwọn méjèèjì pọ̀: wọ́n ní ọmọ ilẹ̀ wa kan tó ń jẹ́ Sodabi, tó lọ bá Faransé jagun nígbà Ogun Àgbáyé kìíní, rí bí wọ́n ṣe ń fi iná sè ọtí àjàrà títí omi líle fi ń kán jáde. Nígbà tó padà dé, òun àti ẹbí rẹ̀ fi ẹmu ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ wọn sì di orúkọ ọtí. A ní odò, a ní òkè, a ní ọtí. Ohun tó kù ni kí àwa fúnra wa mọ ibi tó yẹ kí a dúró sí láti wò wọ́n.

Ibi tó sún mọ́ wa jù: etí ilẹ̀ pẹrẹsẹ

Kí ènìyàn tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn ilé wa. Ilẹ̀ Ìfànyìn àti Ṣàkẹ́tẹ́ ga díẹ̀ ju àfonífojì odò lọ, ojú wa ni kò rí i nítorí pé orí rẹ̀ là ń gbé. Bí ènìyàn bá gba ìwọ̀ oòrùn láti Ṣàkẹ́tẹ́ lọ sí apá Bonou àti Adjohoun, ilẹ̀ á dédé bẹ̀rẹ̀ sí í dà sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni etí rẹ̀. Kì í ṣe òkè àpáta, ṣùgbọ́n bí igi kò bá dí ojú, ènìyàn á rí àfonífojì tó gbalẹ̀ lọ níwájú.

Láti oṣù keje títí dé oṣù kọkànlá, omi máa ń kún, á bo pápá, ọkọ̀ ojú omi á máa gba ibi tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀. Bí omi bá fà, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ á dúdú, á lọ́ràá. Àgbàdo, ata àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ tún máa ń gbẹ́ ihò gígùn sínú pápá, tí ẹja á há sí nígbà tí omi bá fà. Olùkọ́ tó bá kó àwọn ọmọ dúró sí etí ilẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́ẹ̀kan nígbà omi, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní wá ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ṣàlàyé ohun tí «vallée» jẹ́.

Ìdáàṣà, ìlú òkè 41

Ìdáàṣà, tí wọ́n ń kọ ní Dassa-Zoumé, tó nǹkan bíi 200 kìlómítà sí Kútọnu. Láti Ìfànyìn, ènìyàn á lọ sí Àjàṣẹ́, á kọjá sí Kútọnu, á wọ takisí tó ń gba Bohicon lọ sókè. Wọ́n ń pe ìlú náà ní ìlú òkè 41. Iye yẹn ní ìtumọ̀ tirẹ̀: ní ilẹ̀ Dàhòmì àtijọ́, 41 kì í ṣe iye lásán, ohun tó pọ̀ tí ènìyàn kò lè kà tán ni wọ́n fi ń tọ́ka sí. Nítorí náà, ẹni tó bá lọ ka òkè Ìdáàṣà, tó bá rí 38 tàbí 50, kó má bá ẹnikẹ́ni jà.

Ìlú náà wà láàárín àwọn òkè gan-an. Ilé ń bẹ ní ẹsẹ̀ àpáta, ọ̀nà ń yí àpáta ká. Bí ènìyàn bá gun ọ̀kan nínú wọn, ohun tó kọ́kọ́ máa rí ni òrùlé páánù, lẹ́yìn náà àwọn òkè tó kù tí wọ́n tò gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà igbó àti oko ìṣu títí dé ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. Àfonífojì Wémẹ̀ wà ní ìlà oòrùn, ti Zou wà ní ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá dúró lórí Ìdáàṣà wà láàárín odò méjì.

Ìdílé ọba ibẹ̀, àwọn Ọmọ-Jagun, ń tọpa ìran wọn dé ọ̀dọ̀ Jagun Ọlọ́fin. Ní ẹsẹ̀ òkè kan náà ni ihò àpáta Arigbo wà, tí àwọn Kátólíìkì yà sí mímọ́ fún Màríà. Láti ọdún 1954 ni wọ́n ti ń ṣe ìrìn-àjò mímọ́ lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá fẹ́ wo òkè ní ìrọ̀rùn, kó má lọ lásìkò yẹn, nítorí ìlú máa ń kún fọ́fọ́. Ní nǹkan bí àsìkò yẹn kan náà, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ni Savalou tó wà nítòsí ń ṣe ọdún ìṣu tuntun.

Ṣábẹ, àwọn òkè tó gba ènìyàn là

Bí a bá kúrò ní Ìdáàṣà, ọ̀nà pín sí méjì. Ti apá òsì ń lọ sí Savalou àti Djougou. Ti apá ọ̀tún ń lọ sí Ṣábẹ àti Parakou. Kí ènìyàn tó wọ Ṣábẹ, á ti rí àwọn òkè rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn Faransé ń pè wọ́n ní «mamelles», nítorí bí wọ́n ṣe yọ ribiti. Àwọn kan ń wá láti ìlú òyìnbó pẹ̀lú okùn láti gun ara àpáta náà. Àwa kò nílò okùn: ọ̀nà ẹsẹ̀ wà tí ọmọ ìlú lè fi hàn wá.

Ṣábẹ wà láàárín Wémẹ̀ àti Ọ̀párá. Wémẹ̀ wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, Ọ̀párá ní ìlà oòrùn, àwọn méjèèjì á wá pàdé ní gúúsù. Láti orí òkè, bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹni tó bá wo inú igbó dáadáa á rí ìlà igi tó dúdú ju àwọn tó kù lọ. Igi etí odò nìyẹn. Igi tó bá wà létí omi kì í wọ́wé tó tàwọn tó kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ènìyàn ṣe ń mọ ibi tí odò gbà láìrí omi nìyẹn, ẹ̀kọ́ ńlá sì ni fún ọmọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí Ṣábẹ ṣe pàtàkì fún wa ju ẹwà lọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì máa ń wá kó ènìyàn ní àwọn ìlú Yorùbá tó yí wọn ká. Ẹ jẹ́ ká fi Kétu wé Ṣábẹ. Kétu kò ní òkè. Ohun tí wọ́n fi dáàbò bo ara wọn ni odi àti yàrà, pẹ̀lú ẹnu-ọ̀nà ńlá Akaba Ìdẹnà tó ṣì wà títí dòní. Odi yẹn gbìyànjú, ṣùgbọ́n ní ọdún 1886 Dàhòmì wọ Kétu, wọ́n fi iná sun ún, wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun ọba Béhanzin ni ìlú náà tó tún dìde. Ogun yẹn dé Ṣábẹ náà, ó sì ba ìlú jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣábẹ ní ibi tí wọ́n lè sá sí. Wọ́n gun àpáta, wọ́n fara pamọ́ sínú ihò rẹ̀, ẹni tó wà lókè sì ń rí ọ̀tá láti ọ̀nà jíjìn.

Nítorí náà, nígbà tí à ń sọ pé «ẹ wá wo bí ojú ṣe ń ríran láti orí òkè», ẹ jẹ́ ká rántí pé ìran wíwò yẹn ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè rí. Ibi tí àlejò òní ti ń ya fọ́tò, ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá ti dúró ṣọ́ eruku ẹsẹ̀ ọmọ ogun.

Abẹ́òkúta àti Atakpamé, lẹ́yìn ààlà

Fún àwa ará Ìfànyìn, ó ṣeé ṣe kí Abẹ́òkúta rọrùn ju Ṣábẹ lọ. Ìgólò dojú kọ Ìdí Ìrókò. Bí ènìyàn bá kọjá ààlà, tó gba ọ̀nà Ìlaró, ó ń lọ nìyẹn. Àpáta Olúmọ wà ní àárín ìlú, nǹkan bíi mítà 137 sókè ju ojú òkun lọ. Wọ́n ti gbẹ́ àtẹ̀gùn sí i, kódà wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn ròkè síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún un ṣe. Láti orí rẹ̀, ènìyàn á rí òrùlé àtijọ́ tó ti dípátá, mọ́ṣáláṣí ńlá, àti Odò Ògùn tó gba inú ìlú.

Ìtàn ibẹ̀ bá ti Ṣábẹ mu. Ní ọdún 1830, àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti lé kúrò nílé tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ débẹ̀, wọ́n sá sí abẹ́ òkúta, ohun tó sì di orúkọ ìlú nìyẹn. Dàhòmì kógun bá wọn ní oṣù kẹta ọdún 1851 àti ní oṣù kẹta ọdún 1864. Ìgbà méjèèjì ni Ẹ̀gbá lé wọn padà.

Ní ilẹ̀ Tógò, Atakpamé ni ìlú tó yẹ kí a mọ̀. Orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo àdúgbò rẹ̀. Àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Ana wà níbẹ̀, ìran Yorùbá sì ni wọ́n. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ lọ́jà á gbọ́ ọ̀rọ̀ tó mọ̀. Omi tó ń ṣàn sílẹ̀ ní apá ibẹ̀ ń lọ sí Odò Mono, èyí tí wọ́n kọ́ ìdídò Nangbéto sí ní ọdún 1987 láti fún Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ní iná.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le, tó sì ní owó ọkọ̀, kó lọ sí Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ, ìlú àtijọ́ tí àwọn ènìyàn fi sílẹ̀ sì wà lókè títí dòní, pẹ̀lú ààfin.

Bí a ṣe ń gun òkè

Ẹni tó dàgbà sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kò mọ òkè, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó yẹ kí a mọ̀.

Ìgbà tó dára jù ni ìparí oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá. Òjò ti ń tán, ewé ṣì tutù, afẹ́fẹ́ sì mọ́. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù kejìlá, eruku á bo ojú ọ̀run, ènìyàn lè gun òkè kó má rí ju oko tó wà nísàlẹ̀ lọ. Nígbà òjò, àpáta máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, pàápàá níbi tí ewéédò bá ti hù sí i.

Ẹ lọ ní kùtùkùtù. Àpáta ń mu oòrùn bí ìkòkò tó wà lórí iná. Bó bá di aago mọ́kànlá, á ti máa jó ẹsẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kì í ṣe sálúbàtà. Ẹ gbé omi dání, ó kéré tán lítà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe gun òkè lẹ́yìn tí ẹ bá ti mu ẹmu o. Ìgbà tí a bá sọ̀kalẹ̀ la ń mu ún.

Oyin máa ń pa àgọ́ sínú ihò àpáta. Nítorí náà ẹ má ṣe dáná, ẹ má ṣe sọ òkúta sínú ihò, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa pariwo kiri níbẹ̀. Ejò náà fẹ́ràn òkúta tó gbóná. Ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ fi ọwọ́ sí kí ẹ tó fi í sí i.

Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ má ṣe sáré. Sísọ̀kalẹ̀ ló máa ń ṣe ènìyàn léṣe ju gígùn lọ, nítorí orúnkún ti rẹ̀, ọkàn sì ti balẹ̀ jù. Bí ẹ bá kó ọmọ ilé-ìwé dání, ẹ jẹ́ kí àgbà kan wà níwájú, kí òmíràn wà lẹ́yìn, kí ẹ kà wọ́n nísàlẹ̀, kí ẹ kà wọ́n lókè, kí ẹ tún kà wọ́n bí ẹ bá padà dé ilẹ̀.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ gba àyè. Kò sí òkè tí kò ní ẹni tó ni ín. Lórí òmíràn, àwọn òrìṣà ìlú wà níbẹ̀. Lórí òmíràn, ibojì àwọn àgbà ni. Ẹ lọ kí baálẹ̀ tàbí olórí àdúgbò, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fún yín ní ọmọ ìlú kan tó mọ ọ̀nà. Ẹ dúnàádúrà owó rẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe lórí òkè. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ má dé, ẹ má dé ibẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ má ya fọ́tò, ẹ fi tẹlifóònù sápò. Ẹni tó ń kọjá ààlà, kó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání, kí ilé-ìwé tó ń kó ọmọ lọ sì ní ìwé àṣẹ òbí.

Ohun tí a lè pàdánù

Ìlú ń dàgbà. Ọ̀nà, ilé àti afárá ń fẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, inú àwọn àpáta yìí ni òkúta wẹ́wẹ́ sì ti ń wá. Àwọn obìnrin kan ń fi òòlù fọ́ ọ lẹ́bàá ọ̀nà, oúnjẹ òòjọ́ wọn ni, a kò lè bá wọn wí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń fi ẹ̀tù fọ́ tiwọn. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọ́ òkúta. Ṣebí ilé-ìwé tí à ń kọ́ ọmọ nínú rẹ̀ náà ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú símẹ́ńtì rẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé kí àwọn ará ìlú jókòó, kí wọ́n pinnu òkè tí wọ́n lè fọ́ àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, kí mẹ́rì sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun iyebíye 26 padà fún wa, àwọn ohun ọba tí ọmọ ogun wọn kó lọ ní Abomey. Gbogbo wa la yọ̀. Ó gbà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ṣùgbọ́n wọ́n padà wálé. Òkè tí a bá fọ́ kò ní ẹni tó máa dá a padà. Abẹ́ ọ̀dà ọ̀nà ló máa wà títí láé.

Ìjọba ń náwó sí Abomey, sí Ouidah, sí Ganvié, kí àlejò lè máa wá. Ó dára. Ṣùgbọ́n àlejò kì í wá síbi tí onílé fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Àwọn ará odò Rhine kò dúró de ẹni tó máa wá láti òkèèrè kí wọ́n tó mọ òkè wọn; àwọn fúnra wọn ń gùn ún lọ́jọ́ ìsinmi. Bí àwa náà bá ń kó àwọn ọmọ wa lọ, ọmọ Ìdáàṣà tó mọ ọ̀nà á rí iṣẹ́ ṣe, ìyá tó ń ta ìṣu díndín ní ẹsẹ̀ òkè á rí ẹni tó máa rà á, ìyá tó ń ta wàrà náà á tà. Ẹni tó ní ẹmu tó mọ́, tó sì fi sínú ìgò tó mọ́, á rí oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá dé Ṣábẹ, tó bá gbọ́ tí àgbà ń sọ èdè tó fẹ́ jọ tirẹ̀, tó bá gbọ́ orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan àti ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, ọmọ yẹn kò ní gbà mọ́ pé èdè ilé kò wúlò níta. Á rí i pé èdè rẹ̀ dé ibi tó jìnnà, kọjá Ìfànyìn, kọjá ààlà méjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má jẹ́ ká máa fi ẹfun nìkan ya òkè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ wa, ní etí ilẹ̀ tó ń dà sí Adjohoun. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ gbìyànjú Ìdáàṣà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dá owó díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Kútọnu kí wọ́n fi kún un. Bí ẹ bá padà dé, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó rí, ojú ewé kan ní Faransé, ojú ewé kan ní Yorùbá. Nígbà yẹn, bó bá kọ «colline», á mọ ohun tó kọ.